Ta Ló Ní Ẹ Ti Dàgbà Jù?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó máa bi ara yín pé ibo ni màmá wọlé sí. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ̀yin náà ò sì yà wò mí. Ká fìyẹn sílẹ̀, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, mi ò ní gbàgbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé mi ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni ìyàwó ilé kejì bá wọlé wá. Tíṣà ni nílé ìwé jẹ́léósinmi aládàáni kan, ẹni ọdún 37, àkọ́bí rẹ̀ ti wà ní SS2. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dákẹ́. Ó tún kí mi, ó tún dákẹ́. Mo ní, "Ìyàwó, o ti kí mi lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé?" Ó wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí adìyẹ gbé, ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mà." Mi ò tíì lanu tó fi sọ ìkejì: "Àbí mo ti dàgbà jù?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà síwájú rẹ̀ pé kó bá mi ṣa á. Òkúta inú ẹ̀wà ọdún yìí, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n ti ń wà á, ojú mi ò sì ríran dáadáa mọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ṣa á dé ìdajì kó tó jẹ́wọ́ ibi tí ẹ̀rù ti wá. Ó ti sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ṣé ìyá àti ọmọ yóò jọ máa wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn wà láàárín yín. Bí kì í bá ṣe òun, ìbejì rẹ̀ ni. Ẹ kú ẹ̀rín o.

Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin ti dún láti ìdíkọ̀ wa, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Awólọ́wọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún 1901 ni rélùwéè kọ́kọ́ ti Èkó dé Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ló gúnlẹ̀ sí. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ti Mọ́níyà. Ọdún 120 gbáko ni rélùwéè fi rìn láti Dùgbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tó dé, ṣebí gbogbo wa la lọ wò ó? Èmi fúnra mi wọ léèsì.

Mo bi ìyàwó bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Kòfowórọlá Abẹ́ní Pratt rí. Ó ní rárá. Ẹ̀bi àwa àgbà nìyẹn, a mọ orúkọ gbogbo olóṣèlú tó jí owó wa, a ò kọ́ ọmọ lórúkọ ẹni tó tọ́jú wa. Ọmọ Èkó ni ìyá yìí. Láti kékeré ló ti ní nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe, bàbá rẹ̀ ní kò jọ ọ́. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ó wá sí ilé ìwé àwọn olùkọ́, UMC, níbí ní Ìbàdàn, ó kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó padà sí Èkó lọ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé CMS. Ó lọ́kọ, ó bímọ. Lójú àbúrò ọkọ tí mo ń wí yìí, ẹni tí ìwé ti tán fún nìyẹn. Ní ọdún 1946, nígbà tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ló gbéra lọ sí London, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nọ́ọ̀sì láti orí A, B, D, ní St Thomas' Hospital. Aláìsàn kan níbẹ̀ ní kí ọwọ́ dúdú má kan òun. Ó mú un mọ́ra, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì parí ní 1950. Nígbà tó di 1954 ó ti padà sílé, ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH wa yìí. Òyìnbó ló ń ṣe mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀ títí di 1964 tí wọ́n fi obìnrin yìí jẹ ẹ, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1965, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún yẹn náà ló sì di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀.

Mo ní, "Ìyàwó, tíṣà ni, bíi tìẹ." Ó gbé ojú sókè kúrò nínú ẹ̀wà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ tún wo èyí. Ilé ìwé tí ìyá Pratt lọ yẹn, Florence Nightingale ló dá a sílẹ̀ ní 1860. Òun alára ńkọ́? Àwọn òbí tirẹ̀ náà ò fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún 1820 ni wọ́n bí i, ọdún 1851 ló tó rí àyè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ bá mi yọ ọ́: 31 ni. Òbí sọ pé rárá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá sọ pé rárá ní Èkó, àwọn méjèèjì dúró títí wọ́n fi lé lọ́gbọ̀n, wọ́n sì ṣe é. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ó dáa, mo ti sọ tàwọn ẹni ńlá. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi, kò dùn létí.

Ọdún 1974 ni mo wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Orúkọ ilé ìwé náà ò kàn yín. Mo jẹ́ ẹni ọdún 18, mo tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Obìnrin kan wà nínú wa tó jẹ́ ẹni ọdún 34, ó ti ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù fún ọdún mélòó kan kó tó lọ tún ìdánwò rẹ̀ ṣe. Ìyá Àgbà ni a sọ ọ́. Ẹni ọdún 34! Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sín in jẹ bó ṣe ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé, tí ètè rẹ̀ á máa mì. Gbogbo yàrá á máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ó bí ọmọ mẹ́ta sílé. A ò mọ̀ ọ́n títí a fi wọ ọdún kejì, torí pé nílé ìwé tiwa nígbà náà, bí wọ́n bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lóyún, ẹrù rẹ̀ ló máa kó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí ìyàwó ilé. Lóru, tí gbogbo wa bá sùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń lọ kàwé, ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í paná. A gbọ́dọ̀ mọ orúkọ egungun lórí. Egungun inú ara àgbàlagbà jẹ́ 206, orúkọ wọn kì í sì í ṣe orúkọ tí ènìyàn lè sọ ọmọ. Mẹ́jọ nínú wọn wà ní ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo. Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe? Ó sọ wọ́n di ìsọ̀ ọjà, ìlà méjì, mẹ́rin mẹ́rin: onígàrí lèyí, aláta lèyí, ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn ní igun. Bí olùkọ́ bá bi í léèrè, á di ojú, á rìn wọ ọjà, á sì sọ orúkọ wọn tán láìfo ọ̀kan. Èmi tí mo ń há a sórí bí ayékòótọ́, tí mo bá ti gbàgbé ẹyọ kan, ó parí.

Sísítà tó ń kọ́ wa kéré sí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí. Ọjọ́ kan tí a ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo igun aṣọ gbọ́dọ̀ ká bí àpò ìwé, kí ẹnu àpò ìrọ̀rí má sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà kọ ìrọ̀rí tirẹ̀ sódì. Sísítà tú gbogbo bẹ́ẹ̀dì náà ká níṣojú wa, ó ní kó tún un tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi ọ̀rọ̀ sí i tí mi ò lè sọ fún ẹ̀yin ọmọ mi. Ó tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ó tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ ṣé, Sísítà." Inú bí èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í lálẹ́ pé ṣé kò dùn ún ni. Ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wọ̀ wá síbí. Aṣọ ìyá wà nínú àpótí, n ó wọ̀ ọ́ tí mo bá délé."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí àgbàlagbà bá bá ilé ìwé nọ́ọ̀sì pàdé, orí kọ́ ló kọ́kọ́ ń kọ̀ fún un, orúnkún ni. Ọmọdé tó lè jẹ́ àkọ́bí yín yóò ní ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ẹni tí ò bá lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ẹ ṣé, kó má náwó fọ́ọ̀mù dànù.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọjọ́ orí ń mú wá sí wọ́ọ̀dù. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, arúgbó, tí kì í jẹ́ kí á rí oorun sùn bí a bá ń ṣiṣẹ́ òru. Ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, bí a bá bi í pé kí ló ń dùn ún, á ní kò sí. Àwa ọmọdé kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọ́ràn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìyá Àgbà dé ibẹ̀, ó wo bàbá lójú lẹ́ẹ̀kan, ó fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó ní kí gbogbo àwa ọmọge kúrò níbẹ̀. A gbọ́ tó ń pè é ní bàbá mi, tó ń bi í léèrè oko àti ọmọ, ohùn rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé páànù jáde. Bàbá fẹ́ yàgbẹ́ láti àṣálẹ́, ojú ń tì í láti sọ fún ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí orí kankan nínú ìwé tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò àfọwọ́ṣe wa, Ìyá Àgbà mú ọwọ́ mi, ó ní kí n ka bí iṣan òun ṣe ń lù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbá a kúrò, ó ní, "Ìka mẹ́ta àárín ni. Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀, ara rẹ lo máa máa kà." Mo ní kí ìyá yìí jẹ́ kí n sùn. Ilẹ̀ mọ́, jìnnìjìnnì bá mi níwájú olùdánwò, mo fi àtàǹpàkò lé ọwọ́ aláìsàn, mo ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Mo ka 112. Olùdánwò fi ìka tirẹ̀ lé e, ó ka 76. Ó wò mí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ ni àbí aláìsàn lara rẹ̀ ò yá?" Mo tún ìdánwò yẹn ṣe. Ìyá Àgbà kò tún tirẹ̀ ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí ìyàwó bá wá. Nígbà tí ẹ̀wà tán, ó ní ẹnìkan ti sọ fún òun pé ọ̀nà àbùjá wà, pé kílíníìkì kan lójú títì ń kọ́ ènìyàn ní nọ́ọ̀sì fún ọdún kan, kò béèrè WAEC, wọ́n á sì fún un ní yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ fi àtẹ gbá a. Nọ́ọ̀sì oksílíárì tí ẹ ń wí yẹn, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo mọ ọmọ kan ládùúgbò yìí tó lo ọdún mẹ́ta nírú kílíníìkì bẹ́ẹ̀, tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, tó ń gbẹ̀bí, nígbà tó lọ wáṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sọ fún un pé pépà lásán ló gbé wá. Ọdún mẹ́ta tó fi sá fún ìdánwò físíìsì. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ọmọ mi.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò fara sin. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, WAEC tàbí NECO, kó má ju ìjókòó méjì lọ. Ilé ìwé náà kò jìnnà sí wa, ti UCH wà ní Orítamẹ́fà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ẹlẹ́yẹlé. Látijọ́, ọdún mẹ́ta lásán ni. Ní báyìí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ND kí HND tó tẹ̀lé e, JAMB sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì, ọdún márùn-ún. Ilé ìwé mìíràn máa ń fi ààlà sí ọjọ́ orí, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ bi wọ́n léèrè, ẹ má fi ti ẹnu àbúrò ọkọ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ tí ẹ kàn ń fẹ́ dìgírì, ẹ tilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà: UI ní ilé ẹ̀kọ́ àkọ́gbélé lọ́nà Àjíbọ́dẹ sí Ṣáṣá, ẹ̀yìnkùlé wa níbí.

Ìyàwó wá ṣírò. Ó ní tóun bá wọlé ní 38, tóun lo ọdún mẹ́rin, òun ti di ẹni ọdún 42. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kéde òkú. Mo ní kó máa bá ìṣirò náà lọ. Bí a bá ní kí iṣẹ́ ìjọba dá ènìyàn dúró ní 60, bó ṣe wà nígbà tiwa, mélòó ló kù? Ó ka ìka rẹ̀. Ó ní 18. Mo ní, tí o ò bá lọ ńkọ́, ṣé o ò ní pé 42 ni?

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin ọkọ ló kàn. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé nọ́ọ̀sì ló ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọgbà. Bí wọ́n bá sì gbà á láàyè láti máa ti Mọ́níyà lọ, ẹni tó fẹ́ bá wọn ní wọ́ọ̀dù ní aago méje àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọjá Ọ̀jọ́ọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí takisí Micra má tíì tò dé iwájú UI. Ta ló máa wẹ ọmọ? Ta ló máa rọ̀kà? Ọkọ Ìyá Àgbà, awakọ̀ lọ́rí ni, òun ló ń di irun ọmọbìnrin rẹ̀ títí ìyá fi parí. Ó máa ń dì í wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ á jáde bí ẹni tí ìjì jà lórí rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rín kì í wọ́n wa níbi kankan.

Àwọn kan yóò ní Jápa ni ìyàwó ń lé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní àbúrò ní Houston tó ṣe báńkì l'Ékòó títí ó fi lé lógójì ọdún, tó débẹ̀ tó lọ jókòó ní kíláàsì nọ́ọ̀sì láàárín ọmọ ogún ọdún. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ kí ẹni tó bá ń lé ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ pé ní 2024, Ìgbìmọ̀ gbé e jáde pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ níbí lẹ́yìn ìwé àṣẹ rẹ̀, kí àwọn tó bá a jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ lókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìwọ́de, wọ́n pariwo, mo sì gbọ́ tiwọn. Páànù tí ẹ máa gbé ní London náà, páànù ni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ìyàwó dìde. Mo na ọwọ́ mi sí i, mo ní kó ka iṣan mi. Àtàǹpàkò ló gbé wá. Mo gbá a kúrò.

Ó ti pinnu láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2 ni yóò máa kọ́ ọ ní físíìsì lálẹ́, ọmọ náà sì ti sọ pé òun ò ní gba àìgbọràn. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn ò lè jọ máa fà á ya. Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Mọ́níyà, Ṣáṣá àti Ọ̀jọ́ọ̀, ẹni tó bá ní ìwé físíìsì tàbí kẹ́mísìrì tí ọmọ rẹ̀ ti kà tán, kó gbé e wá fún mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà wo orúnkún mi.